Ìpín Ìgbì Rédíò: Ohun tí Wọ́n Tà fún Ilé-iṣẹ́ Tẹlifóònù

Òwe Yorùbá sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ní ti ìgbì rédíò tí tẹlifóònù alágbèéká ń lò, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2001, NCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe àkóso ìbánisọ̀rọ̀, ta ìwé àṣẹ láti lo ìgbì wọ̀nyí ní gbàǹjo. Mílíọ̀nù 285 dọ́là ni iye ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí MTN bẹ̀rẹ̀ òwò ní ọdún náà, Port Harcourt wà lára àwọn ìlú mẹ́ta àkọ́kọ́, pẹ̀lú Èkó àti Abuja.

Kí ni wọ́n tà gan-an? Ẹni tí ó bá dáhùn pé afẹ́fẹ́ ni, ó ṣìnà. Ìgbì rédíò ń rìn níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí rárá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìró sátẹ́láìtì kì bá tí dé ilé ayé. Iye ìgbà tí ìgbì ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ó yà á sọ́tọ̀ sí òmíràn. Ìgbì 900 megahertz ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 900, ó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 33. Ti 1800 megahertz jẹ́ ìdajì rẹ̀ ní gígùn. Èyí tí ó gùn ń jìnnà jù, ó sì ń wọlé la ògiri kọjá dáadáa; èyí tí ó kúrú ń béèrè òpó púpọ̀ sí i.

Ilẹ̀ oko ni àfiwé tí ó súnmọ́ ọn jù. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìpín àti ààlà tirẹ̀. Bí méjì bá lo ìpín kan náà lójú kan náà, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yóò dàrú. Ṣùgbọ́n ìgbì kì í ṣá bí ilẹ̀. Ní Diobu, níbi tí èrò pọ̀ sí ní Port Harcourt, òpó lè súnmọ́ra, kí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kéré, kí wọ́n lè tún ìpín kan náà lò níwájú díẹ̀.

Iye ìpín yìí kò tíì wálẹ̀ púpọ̀: ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ méjì borí nínú gbàǹjo ìgbì 3.5 gigahertz fún 5G, ní mílíọ̀nù 273.6 dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ bá yàn fi ṣe pàtàkì. Bí ó bá kọ ọ́ pé ìjọba ta afẹ́fẹ́, òǹkàwé yóò rò pé ohun tí kò lópin ni. “Ìpín ìgbì” fi hàn pé dúkìá gbogbo ará ìlú ni, pé ó ní ààlà, àti pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bí wọ́n ṣe pín in.