Ọmọ tí kò ríran lè kàwé dójú àmì: ohun tó yẹ kí òbí mọ̀

Bí òbí bá rí i pé ojú ọmọ òun fọ́, ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ ń sáré lọ, lẹ́yìn náà ó kan ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé babaláwo. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nídìí ìwòsàn, ẹgbẹ́ ọmọ náà ti wọ ilé ìwé, òun ṣì wà nílé. Àkókò tó ń ṣòfò yìí ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ lára ju ìfọ́jú fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀nà ẹ̀kọ́ wà ní Nàìjíríà fún ọmọ tí kò ríran. Ẹni tó bá tètè mọ̀ ọ́n ló máa jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ilé ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Irú ojú kan wà tí iṣẹ́ abẹ lè ràn lọ́wọ́, bí èyí tí nǹkan funfun bo ẹyinjú rẹ̀. Ọmọ mìíràn ṣì ríran díẹ̀, gíláàsì àti ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi lè tó o. Èyí tí dókítà bá sọ pé kò ní ríran mọ́, ẹ̀kọ́ ló kàn fún un. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ máa wá ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí ọmọ wà nílé ìwé bí ẹ ṣe ń wá a.

Ọmọ tó ríran máa ń wo ìyá rẹ̀ kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é sí i. Èyí tí kò ríran, ọwọ́ àti etí ló fi ń kọ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan iṣu kó tó di iyán, kó ṣa ẹ̀wà, kó ka owó, kó wọ aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ máa sọ ohun tó ń dún àti ẹni tó wọlé fún un. Ìka tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà lónìí ni ìka tó máa ka ìwé lọ́la. Ọmọ tí wọ́n gbé jókòó sójú kan nítorí àánú, àánú náà ló ń dá a dúró.

Kí ni Braille, ṣé fóònù kò lè rọ́pò rẹ̀?

Louis Braille, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bí lọ́dún 1809, ló gbé ọ̀nà ìkọ̀wé yìí kalẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí irin iṣẹ́ bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ awọ, gún un lójú. Àìsàn tó ti inú ọgbẹ́ náà wá ràn dé ojú kejì, ó sì fọ́jú pátápátá. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó ti rí iṣẹ́ náà ṣe, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1829. Àmì mẹ́fà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, mẹ́ta lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún, tí wọ́n yọ gọ́ńgọ́ lórí bébà kí ìka lè mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá ṣe tò wọ́n ló ń sọ lẹ́tà tí wọ́n jẹ́, ọ̀nà 63 ni èèyàn sì lè gbà tò wọ́n. Wọ́n ń fi kọ Yorùbá, wọ́n ń fi ṣe ìṣirò, wọ́n sì ń fi kọ orin.

Lónìí, ẹ̀rọ ń ka ìwé sókè. TalkBack wà nínú fóònù Android, VoiceOver wà nínú iPhone. NVDA, tí àwọn ọmọ Ọsirélíà méjì tí kò ríran, Michael Curran àti James Teh, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006, ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó yẹ kí ọmọ mọ gbogbo wọn lò. Àmọ́ ẹni tó ń fetí gbọ́ ìwé nìkan kì í sábà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ìṣirò tó gùn sì máa ń dà rú mọ́ ọn lórí. Braille ni kó ṣáájú, kí fóònù tẹ̀lé e. Síléètì Braille àti irin ṣóṣóró tí wọ́n fi ń lu bébà ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ wo ló wà?

Ilé ẹ̀kọ́ Pacelli ní Súrùlérè, l'Ékòó, tí ìjọ Kátólíìkì dá sílẹ̀ lọ́dún 1962, jẹ́ ti ọmọdé tí kò ríran àti èyí tó ríran díẹ̀. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ Braille àti bí èèyàn ṣe ń fi ọ̀pá funfun rìn. Bó bá parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó lè lọ sí sẹ́kọ́ńdírì tí àwọn tó ríran ń lọ. Cobhams Asuquo, gbajúmọ̀ olórin tí wọ́n bí láìríran, gba Pacelli kọjá.

Ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ lẹ́yìn tó dàgbà náà ní ibi tó lè lọ. Ẹgbẹ́ Nigeria Society for the Blind, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1955, ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Òṣòdì. Ẹni tó bá fẹ́ di olùkọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lè lọ sí Federal College of Education (Special) ní Ọ̀yọ́, tó ti wà láti 1977, tàbí kó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ náà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Kí ni òfin sọ?

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ka dídá àwọn àkàndá ẹ̀dá yà sọ́tọ̀ léèwọ̀. Òfin náà fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé sẹ́kọ́ńdírì. Ó ní kí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní ó kéré tán ẹnì kan tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀kọ́ wọn, kí Braille sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ni. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti 2011, LASODA sì ni àjọ tó ń bójú tó o.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni kò tíì ní olùkọ́ kankan tó mọ Braille. Bí ọ̀gá ilé ìwé bá kọ ọmọ yín, ẹ ní kó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ mú ìwé náà lọ sí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ àti àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àkàndá. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán máa ń bá afẹ́fẹ́ lọ; ìwé ni wọ́n ń fèsì sí.

Ìwé kíkà àti ìdánwò ńkọ́?

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sọ ìwé di Braille lè ní láti kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Marrakesh lọ́dún 2013 tú ìdè náà. Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lù ú lọ́dún 2017, ó sì wà nínú òfin ẹ̀tọ́ oníwèé tuntun ti 2022. L'Ékòó, ẹgbẹ́ ANWAB ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran lọ́wọ́. Danlami Basharu ti jẹ́ olùdarí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò ríran, ó sì ti ṣe alága ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé tó wà ní Bookshare, ibi ìkówèésí fún àwọn tí kò lè ka ìwé lásán, ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Lọ́dún 2017, JAMB gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola, kí àwọn tí kò ríran lè ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì lọ́nà tó bá wọn mu. WAEC náà ní ètò Braille fún wọn. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ni kí òbí ti sọ pé ọmọ kò ríran. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ ìdánwò ti pẹ́ jù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọmọ pamọ́ sínú yàrá. Ẹ̀yin aládùúgbò, bí ẹ bá mọ ibi tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà, ẹ fọgbọ́n bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin gómìnà àti alága ìjọba ìbílẹ̀, olùkọ́ Braille kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò pọ̀ jù láti béèrè. Òfin ti ṣe tán. Ẹ gba àwọn olùkọ́ náà síṣẹ́.