Ìyá Tó Ń Ṣarán Kì í Ṣe Àjẹ́

Ẹ kọ́kọ́ ka Orin Dáfídì 71, ẹsẹ 9 sí 18.

Ìyá arúgbó kan jẹun tán, kò pẹ́, ó ní ìyàwó ọmọ òun fi ebi pa òun. Ní òru ó ṣílẹ̀kùn, ó ń lọ bá ọkọ rẹ̀ tó ti kú lóko. Ní Adó-Èkìtì níbí, ẹ mọ orúkọ tí wọ́n máa ń pe irú ìyá bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn á gbé e lọ sílé àdúrà, wọn á nà án títí yóò fi jẹ́wọ́. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń kú, kí ni kò ní jẹ́wọ́?

Àìsàn ni arán. Ọmọ Èkìtì, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ará Òkèmẹ̀sí, wà lára àwọn dókítà tó wádìí rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, láti 1992. Àbọ̀ wọn jáde ní 1995, ọdún tí bàbá náà kú: nínú 100 ẹni ọdún 65 sókè, bíi 2 ló ní in. Láàrin àwọn adúláwọ̀ Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ó tó 8. Tiwa kéré, a dúpẹ́. Síbẹ̀, ìjọ wo ni kò ní arúgbó?

Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Ẹ mú ìyá lọ rí dókítà ná, torí àìsàn mìíràn tó ṣeé wò lè jọ ọ́. Bó bá tún bèèrè oúnjẹ, ẹ bù díẹ̀ fún un. Bó bá gbàgbé orúkọ yín, ẹ dá orin ìsìn àtijọ́ kan; lọ́pọ̀ ìgbà, yóò gbè é.