Ṣé o mọ̀? Wọ́n ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀ náà

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá wọn ní ọrùn ẹsẹ̀ lè fi hàn bóyá iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ti ń dí. Wàá dùbúlẹ̀ sinmi díẹ̀, wọ́n á wọn apá, wọ́n á wọn ẹsẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan á máa mú ìró ẹ̀jẹ̀ jáde, “fùú, fùú.” Iye òkè nìkan ni wọ́n ń lò: wọ́n á fi ti apá pín ti ẹsẹ̀. Bí apá bá jẹ́ 140, tí ẹsẹ̀ jẹ́ 112, èsì rẹ̀ ni 0.80. Láti 0.90 lọ sísàlẹ̀, iṣan ti ń dí nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dí ni kì í mọ̀ ọ́n lára. Àwọn mìíràn, ẹ̀yìn ojúgun á máa dùn wọ́n bí wọ́n bá ń rìn, á rọlẹ̀ bí wọ́n bá dúró, wọ́n á ní ọjọ́ orí ni. Sìgá àti àtọ̀gbẹ ló sì ń dá kún un jù. Ìrìn náà tún wà lára ìtọ́jú rẹ̀: dókítà á ní kí o rìn títí yóò fi dùn ọ́, kí o dúró kó rọlẹ̀, kí o tún gbéra, ó kéré tán ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12.