Ìwọlé Aláàbò sí Fáìlì láti Ọ̀nà Jíjìn

Ìwọlé aláàbò sí fáìlì láti ọ̀nà jíjìn ni ètò tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn ṣí fáìlì tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà níbòmíràn, kí ó kà á tàbí kí ó tún un ṣe, láìjẹ́ pé ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nípasẹ̀ rẹ̀, akọ̀wé owó tí ó wà ní Kano lè ṣí ìwé owó-oṣù tí a tọ́jú sí Abuja. Ohun mẹ́ta ni ètò náà dúró lé: dídá ẹni tí ó ń wọlé mọ̀, sísọ ọ̀rọ̀ di àdììtú lójú ọ̀nà, àti pípín àṣẹ fún oníkálukú gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìtàn

Ní ọdún 1971 ni Abhay Bhushan kọ ìlànà àkọ́kọ́ fún FTP, ọ̀nà ìfifáìlì-ránṣẹ́ tí a lò lórí ARPANET. Àwọn òǹlò kò pọ̀ nígbà náà, wọ́n sì fọkàn tán ara wọn. Nítorí náà, FTP ń fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ránṣẹ́ ní gbangba, bí lẹ́tà tí a kò fi sínú àpòòwé. Ní ọdún 1995, lẹ́yìn tí àwọn kan jí ọ̀rọ̀ ìwọlé gbà lójú ọ̀nà ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Helsinki, ní orílẹ̀-èdè Fínlándì, Tatu Ylönen tí ó jẹ́ olùwádìí níbẹ̀ ṣe SSH. Orí SSH ni SFTP, tí ó wá gba ipò FTP níbi púpọ̀, ti ń ṣiṣẹ́.

Àwọn ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀

SFTP lè lo kọ́kọ́rọ́ méjì tí ó bá ara wọn mu: ọ̀kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí fáìlì wà, èkejì wà lọ́wọ́ òǹlò nìkan. VPN ń la ọ̀nà àdììtú láàárín kọ̀ǹpútà òǹlò àti ọ́fíìsì, bí ẹni pé òǹlò jókòó síbẹ̀. Ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi Google Drive, OneDrive àti Dropbox, ni ó rọrùn jù fún aláìmọṣẹ́ ẹ̀rọ, nítorí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín ni ó ń bójú tó ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ ààbò.

Ṣíṣètò fún aláìmọṣẹ́ ẹ̀rọ

Iṣẹ́ tí ó le jẹ́ ti olùtọ́jú ètò. Òun ni yóò ṣí àkáǹtì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí yóò yan fódà tí oníkálukú lè kà àti èyí tí ó lè yí padà, tí yóò sọ ẹ̀rí ìwọlé kejì di dandan, tí yóò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Fódà kan ṣoṣo ni ó yẹ kí òǹlò rí.

Ìrọ̀rùn yìí jẹ́ ara ààbò. Bí ètò bá le jù, àwọn òṣìṣẹ́ a wá ọ̀nà ẹ̀bùrú: wọn a gbé fáìlì sórí fláàṣì, wọn a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tàbí kí ènìyàn mẹ́wàá máa lo ọ̀rọ̀ ìwọlé kan. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ewu mìíràn ni ojúewé ayédèrú tí ó ń béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé, àti kọ̀ǹpútà ìgboro tí òǹlò gbàgbé láti jáde nínú àkáǹtì rẹ̀.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun WACS, ACE, MainOne àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Nítorí irú èyí, ó yẹ kí ẹ̀dà fáìlì pàtàkì wà nítòsí, kí a sọ òun náà di àdììtú.

Òfin pẹ̀lú kan ọ̀rọ̀ yìí. Ghana ṣe òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni ní ọdún 2012, Nàìjíríà sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2023. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, bí ìsọfúnni àwọn ènìyàn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà tí ó lè pa ẹ̀tọ́ wọn lára, àjọ tí ó ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó ìgbìmọ̀ ìjọba létí láàárín wákàtí 72 tí ó mọ̀.