Pírójẹ́tọ̀ kò gbọdọ̀ kú lálẹ́ ọjọ́ bọ́ọ̀lù: Ohun tó yẹ kí àwọn oníṣòwò etíkun Ìlàjẹ mọ̀

Bọ́ọ̀lù ńlá tó bá bọ́ sí ọjọ́ Sátidé, owó ni fún ẹni tó ní ilé ìwobọ́ọ̀lù létíkun Ìlàjẹ. Kí Arsenal tàbí Chelsea tóó wọ pápá, bẹ́ǹṣì ti kún, àwọn ọmọkùnrin tó ti ojú òkun dé ti gbapò wọn, ẹni tó ń ta míníráà ti da yìnyín sínú kúlà, oníṣòwò náà sì ti gba owó ìwọlé lẹ́nu ọ̀nà. Àfi kó wá di ìṣẹ́jú 35, kí pírójẹ́tọ̀ pa lójijì, kí aṣọ funfun tó wà lára ògiri ṣókùnkùn. Ta ló fẹ́ gbọ́ àlàyé nígbà yẹn? Owó wọn ni wọn yóò béèrè, àwọn mìíràn kò sì ní í padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọn yóò gbà lọ.

Ẹni tó wà l'Àkúrẹ́ lè fi ọ̀kadà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ bá ẹni tí yóò tún un ṣe kí bọ́ọ̀lù kejì tóó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà ní Àwóyè tàbí Ayétòrò ńkọ́? Ọkọ̀ ojú omi ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ dé Igbókòdá, kó tóó wọ mọ́tò lọ sí Òkìtìpupa. Bí wọn kò bá ní ohun èlò rẹ̀ níbẹ̀, ó di Èkó, ní Computer Village n'Ìkẹjà tàbí ọjà Alábà. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí wọ́n sì fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà ní oṣù Kẹfà ọdún náà, epo jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n sí i, gílóòbù àti ẹ̀rọ tó ń ti òkè òkun wá náà sì ti di ọ̀wọ́n gógó. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ba pírójẹ́tọ̀ jẹ́ lónìí, owó tó fi ra ti tẹ́lẹ̀ kò lè ra òmíràn.

Kì í ṣe onílé ìwobọ́ọ̀lù nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ náà yá àwọn èèyàn fún ìgbéyàwó àti ìsìnkú wà níbẹ̀, àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ọjọ́ orí kọ́ ló sábà máa ń pa pírójẹ́tọ̀ ní agbègbè omi. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́, ooru tí kò rọ́nà jáde àti iná jẹnẹrétọ̀ tó ń kú lójijì ló ń pa á, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní ohun tí oníṣòwò lè ṣe sí i láìná owó rẹpẹtẹ.

Àwọn tó ń gbé sinimá kiri láyé àtijọ́ mọ iyì ẹ̀rọ wọn. Lẹ́yìn tí Àjàní Ògún jáde lọ́dún 1976, tí Hubert Ògúndé náà sì gbé Ayé jáde lọ́dún 1979, àwọn eléré tíátà fúnra wọn ló ń gbé fíìmù wọn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń gba gbọ̀ngàn, tí wọ́n sì ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, owó ọjọ́ náà ti wọmi nìyẹn. Ti òde òní kéré, ó sì fúyẹ́, bóyá ìyẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa lò ó bí ẹni ń lo rédíò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí iyọ̀. Ẹnikẹ́ni tó ń gbé nítòsí òkun mọ ohun tó ń ṣe páànù òrùlé àti ìṣó. Ayétòrò, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ilé tí òkun kò tíì dé gan-an, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dé ibẹ̀. Iyọ̀ tó wà nínú afẹ́fẹ́ yìí máa ń fa omi mọ́ra. Bí fáànù pírójẹ́tọ̀ bá ti fà á wọlé, yóò lẹ̀ mọ́ ara pátákó tí àwọn wáyà kéékèèké wà, ọ̀rinrin yóò bá a níbẹ̀, iná yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ dáadáa lálẹ́ àná lè kọ̀ láti tan láàárọ̀ yìí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbé e kalẹ̀ fún iṣẹ́, ẹ wo ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́, kí ẹ má ṣe kọjú ẹ̀gbẹ́ náà sí òkun. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ tóó gbé e sínú ike ńlá tó ní ìdérí tó le, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń kó aṣọ sí. Ẹ kó àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, tí wọ́n kọ "silica gel" sí lára, sínú ike náà, iṣẹ́ wọn ni láti fa ọ̀rinrin. Ẹ máa pààrọ̀ wọn, torí wọn kì í ṣiṣẹ́ títí ayé. Ẹni tó bá dé ẹ̀rọ gbígbóná mọ́ inú ike, ooru ló dé mọ́ ọn. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ kì í lò ó lójoojúmọ́, ẹ máa tàn án fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí inú rẹ̀ lè gbẹ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ́ ti Ìlàjẹ gan-an. Iṣẹ́ ẹja yíyan ń lọ ní ọ̀pọ̀ àgbàlá níbẹ̀, èéfín rẹ̀ sì lọ́ràá. Ilé ìwobọ́ọ̀lù tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, èéfín náà yóò di ohun tó ń lẹ̀ pẹ́típẹ́tí lójú lẹ́ǹsì àti lára asẹ́ tó ń gba eruku. Onítọ̀hún yóò máa rò pé gílóòbù ti gbó, yóò sì lọ ra tuntun, nígbà tó jẹ́ pé ojú lẹ́ǹsì ló yẹ kó nù. Aṣọ múlọ́múlọ́ tí wọ́n fi ń nu ojú awò ni kí ẹ lò, ẹ má fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ẹ má sì tutọ́ sí i.

Asẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Ó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lábẹ́ ẹ̀rọ, nínú ìdérí kékeré tí ọwọ́ lè ṣí. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ní in, ṣùgbọ́n èyí tó bá ní in, ẹ máa gbọn eruku rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní àsìkò tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lọ́wọ́. Bí ẹ̀rọ yín bá ń ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 20, tó wá ń pa fúnra rẹ̀, tí iná pupa sì tàn lára rẹ̀, asẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà kí ẹ wo bóyá ẹ ti gbé e há ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti lè jáde. Àwọn kan ń so ó mọ́ abẹ́ páànù gbígbóná, bẹ́ẹ̀ kò sí sílìǹ. Ooru ọ̀sán ti ń bẹ lókè, ooru gílóòbù tún ń bẹ nínú, ẹ̀rọ náà kò ní ibi tí yóò gbà. Tí ó bá pa ara rẹ̀, ara rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Kí ẹ má ṣe máa tàn án padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé pírójẹ́tọ̀ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà pé kó fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà fẹ́ eruku inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn ní omi àti ọ́ìlì nínú, ó sì le débi pé ó lè yí fáànù kékeré náà kọjá agbára rẹ̀, kó sì bà á jẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ tó.

Jẹnẹrétọ̀ wá ni baba ọ̀rọ̀, torí ọ̀pọ̀ ìlú tó wà lórí omi ní Ìlàjẹ, òun ni wọ́n fi ń ríran. Nínú pírójẹ́tọ̀ tó ń lo gílóòbù, ooru gílóòbù náà ju ti ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja lọ. Ìdí nìyẹn tí fáànù fi máa ń ṣiṣẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi rìmóòtù pa á. Ooru ló ń lé jáde. Bí epo bá wá tán nínú jẹnẹrétọ̀ lójijì, fáànù ti kú nìyẹn, ooru sì wà nínú ẹ̀rọ tí kò rí ọ̀nà lọ. Ọjọ́ kan lè máà pa á lára. Tó bá ti di ìgbà gbogbo, gílóòbù kò ní í lo ìdajì ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.

Ẹ bu epo tó máa tó ìṣẹ́ náà kí ẹ tóó bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró de ìgbà ìsinmi ìdajì. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 5 kí iná rẹ̀ dúró dáadáa, kí ẹ tóó so pírójẹ́tọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pa á, pírójẹ́tọ̀ ni kó kọ́kọ́ kú, kí fáànù rẹ̀ dákẹ́, kí ẹ tóó kọjú sí jẹnẹrétọ̀. Sìtébíláísà dára, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni owó yín ká, UPS tó lè gbé ẹ̀rọ náà fún ìṣẹ́jú 10 ni mo máa ní kí ẹ rà. Ọ̀pọ̀ pírójẹ́tọ̀ ilé ìwobọ́ọ̀lù kì í gbà ju wáàtì 250 sí 350 lọ, nítorí náà UPS náà kò ní láti tóbi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí iná bá lọ, ẹ óò ráyè pa ẹ̀rọ náà bó ṣe yẹ. Ẹ má so fíríìjì tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi mọ́ iná kan náà.

Àwọn àìsàn kan wà tí kò yẹ kó gbé yín wọ ọkọ̀ lọ sí Igbókòdá rárá. Bí ẹ̀rọ bá tàn, tó ń kọ "No Signal", ẹ̀rọ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ fi rìmóòtù yan ojú ihò tí wáyà wà, HDMI ni tàbí VGA. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni ẹ so mọ́ ọn, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pa pọ̀ mọ́ P, kí ẹ sì yan "Duplicate". Bí kò bá gbọ́, ẹ yọ wáyà náà, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀. Ohun tó dà bí ewédò tó máa ń wà níbẹ̀, iyọ̀ ló fà á. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní isopropyl alcohol lọ́wọ́, ẹ fi díẹ̀ nù ún nígbà tí kò sí iná lára ẹ̀rọ.

Òmíràn tún ni ti ẹ̀rọ tó kọ̀ láti tan lẹ́yìn tó ti bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìgbì a máa gbọn ọkọ̀ jìgìjìgì, súkúrù tó mú ìdérí gílóòbù a sì tú díẹ̀. Ọ̀pọ̀ pírójẹ́tọ̀ kò ní í tan láé bí ìdérí yẹn kò bá pa dé dáadáa. Ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ fún súkúrù náà le. Ẹ lè ti fi ìyẹn fi owó ọkọ̀ dé Èkó pamọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ máa fi fóòmù nípọn wé e nínú ọkọ̀, ẹ má sì gbé e wọ ọkọ̀ nígbà tó bá ṣì gbóná, torí gílóòbù gbígbóná kì í fẹ́ kí wọ́n mi òun.

Èyí tó kọjá agbára ilé wà. Bí ẹ bá ń rí àmì funfun wínníwínní bí ìràwọ̀ lójú aṣọ, tí wọ́n sì ń pọ̀ sí i, ẹ̀rọ DLP ni tiyín. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Larry Hornbeck ti ilé iṣẹ́ Texas Instruments, ló ṣe irú rẹ̀ jáde lọ́dún 1987. Dígí kéékèèké tó ju ọ̀kẹ́ àìmọye lọ ló wà lórí ìṣù kan tó kéré ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àwọn tó ti kú nínú wọn ni ẹ ń rí yẹn. Gílóòbù tuntun kò lè wo ó sàn, ẹni tó bá ní kí ẹ ra gílóòbù nítorí rẹ̀ ń jẹ yín ni. Bó bá jẹ́ àbàwọ́n aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tàbí búlúù ló wà níbì kan, tí kì í kúrò, ti LCD ni ìyẹn, ooru ló jó awọ inú rẹ̀. Ariwo bí ìgbà tí wọ́n ń lọ ata gbígbẹ, fáànù ni tàbí àgbá àwọ̀ tó ń yí. Gbogbo ìwọ̀nyí di ti oníṣẹ́, kí ẹ sì béèrè iye rẹ̀ kó tóó tú u.

Gílóòbù fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ ikú. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n dá wákàtí 2,000 sí 5,000 fún, ẹ óò sì rí iye tó ti lò nínú mẹ́nù. Bí tiyín bá jẹ́ wákàtí 4,000, tí ẹ sì ń lo wákàtí 3 lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, á jẹ́ bí alẹ́ 1,333. Ẹ jẹ́ ká fi N80,000 ṣe àpẹẹrẹ owó gílóòbù: N20 ló jẹ́ lórí wákàtí kan, N60 lórí alẹ́ kan. Ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tóó ka èrè. Èmi rò pé ẹni tí kò bá yọ ọ́, owó gílóòbù ló ń jẹ, kì í ṣe èrè. Ìpín tí wọ́n kọ "Eco" sí nínú mẹ́nù máa ń fa ọjọ́ rẹ̀ gùn, iná rẹ̀ a kàn dínkù díẹ̀. Alẹ́ tó ṣókùnkùn kò nílò ju ìyẹn lọ.

Nínú gílóòbù náà, mákúrì wà. Bó bá bẹ́, ẹ pa iná, ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo èèyàn sì jáde fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má fọwọ́ lásán kó àfọ́kù rẹ̀. Ẹ má sì jù ú sínú omi! Lóòótọ́ ni pé èyí tó wà nínú gílóòbù kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Minamata, lórílẹ̀-èdè Japan, tí wọ́n kéde lọ́dún 1956, ilé iṣẹ́ kan ló ń da mákúrì sínú òkun, àwọn tó ń jẹ ẹja ibẹ̀ ló sì kó àìsàn. Ẹni tó ń jẹun látinú omi kò gbọdọ̀ fi ṣeré.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, iye wákàtí tó wà nínú mẹ́nù kò tó fọkàn tán, torí ẹni tó ń tà á lè ti dá a padà sí òdo. Ẹ ní kó tàn án fún ìṣẹ́jú 30 lójú yín, kí ẹ sì fi àwòrán dúdú àti àwòrán funfun wo ojú rẹ̀ bóyá ìràwọ̀ tàbí àbàwọ́n wà. Bí wọ́n bá fi èyí tó ń lo laser lọ̀ yín, kò ní gílóòbù tí ẹ óò máa pààrọ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ni wọ́n dá wákàtí 20,000 fún, ṣùgbọ́n iyọ̀ ń pa òun náà. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí ẹ wo orí àwọn súkúrù abẹ́ rẹ̀ àti inú ihò wáyà. Bó bá ti dípẹtà, ẹ̀rọ náà ti gbé etí omi rí. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.