Òtútù Kì Í Pa Kòkòrò Àrùn: Bí A Ṣe Lè Ṣe Yìnyín Tí Ó Mọ́ Nínú Ilé

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí oòrùn sì ń mú ganrínganrín, kò sí ohun tí ó ń tu ara bí omi tútù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé fi máa ń tọ́jú yìnyín sínú fíríìjì fún omi mímu, fún sóbò, àti fún àlejò. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n èrò kan wà láàárín wa tí ó ń fa àìsàn: ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí omi bá ti dì, gbogbo kòkòrò inú rẹ̀ ti kú. Èyí kì í ṣe òtítọ́.

Òtútù a máa dá kòkòrò àrùn dúró ni, kì í pa wọ́n tán. Ńṣe ni wọ́n dà bí ẹni tí ó sùn. Bí yìnyín bá ti yọ́ nínú ife, wọn a tún jí. Àrùn onígbáméjì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ìgbẹ́ gbuuru lè gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọ inú ilé. Nítorí náà, ẹ fi èyí sọ́kàn: yìnyín kò lè mọ́ ju omi tí a fi ṣe é lọ.

OMI TÍ A Ó LÒ

Omi tí ẹ lè mu láìbẹ̀rù nìkan ni kí ẹ fi ṣe yìnyín. Bí ó bá jẹ́ omi kànga, omi òjò tàbí omi ẹ̀rọ tí kò dá yín lójú, ẹ fi aṣọ funfun tí ó mọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ gbé e ka iná, kí ó sì hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 1 ó kéré tán. Ẹ dé e títí yóò fi tutù. Álọ́ọ̀mù a máa jẹ́ kí ìdọ̀tí rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò híhó. Bí ẹ bá ra omi inú ọ̀rá, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, kí ẹ sì fọ ara ọ̀rá náà kí ẹ tó kó o sínú fírísà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ ni ó ti kàn án kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

ỌWỌ́ ÀTI ABỌ́

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fi kan abọ́ yìnyín.
2. Ṣíbí tí ó mọ́ ni kí ẹ fi máa bu yìnyín. Ẹ má ṣe ti ọwọ́ tàbí ife tí ẹnìkan ti mu bọ inú rẹ̀.
3. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ abọ́ náà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.
4. Ẹ di ẹran àti ẹja tútù sínú ọ̀rá, kí ẹ sì gbé wọn sí ìsàlẹ̀, kí omi ara wọn má baà kán sí yìnyín.

FÍRÍÌJÌ TÍ Ó Ń ṢE YÌNYÍN FÚNRA RẸ̀

Àwọn fíríìjì kan wà tí wọ́n ń fa omi láti inú páìpù, tí wọ́n sì ń ṣe yìnyín fúnra wọn. Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀rọ náà yóò sọ omi búburú di rere. Bí táǹkì tí omi ti ń wá bá dọ̀tí, yìnyín náà yóò dọ̀tí. Ẹ máa fọ táǹkì yín. Ẹ máa pààrọ̀ asẹ́ omi inú ẹ̀rọ náà ní àkókò tí ìwé rẹ̀ sọ. Oṣù 6 ni ti ọ̀pọ̀lọpọ̀. Bí fíríìjì bá jẹ́ tuntun, tàbí tí ẹ bá ti ìrìn àjò pípẹ́ dé, ẹ da yìnyín àkọ́kọ́ nù. Kí ẹ tó fọ ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ sì ti omi rẹ̀ pa. Ẹ má ṣe ki ìka bọ inú rẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́.

NÍGBÀ TÍ INÁ BÁ LỌ

Bí iná bá lọ, ẹ má ṣe máa ṣí fíríìjì lemọ́lemọ́. Oúnjẹ inú fíríìjì tí a kò ṣí lè wà láìléwu fún nǹkan bíi wákàtí 4. Fírísà tí ó kún lè pa òtútù mọ́ fún wákàtí 48. Èyí tí ó kún dé ìdajì, wákàtí 24.

Ọgbọ́n kan rèé fún ilé tí iná kì í dúró sí: ẹ jẹ́ kí omi dì nínú ife kan, kí ẹ gbé owó onídẹ tàbí òkúta kékeré lé e lórí, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ nínú fírísà. Bí ẹ bá bá a nísàlẹ̀ ife, gbogbo rẹ̀ ti yọ́ kí ó tó tún dì. Ẹ da yìnyín yòókù nù, ẹ má sì ṣe jẹ ẹran àti ẹja tí ó wà níbẹ̀.

YÌNYÍN TÍ A RÀ FÚN ÒDE

Yìnyín ńláńlá tí a ń rà fún ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó, ẹ̀yìn ìgò ni kí ẹ máa fi í sí, kì í ṣe inú ife, àfi bí ẹ bá mọ omi tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ nu ẹnu ìgò dáadáa kí ẹ tó ṣí i.

YÍYỌ YÌNYÍN KÚRÒ LÁRA FÍRÍSÀ

Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ gbẹ́ yìnyín tí ó bá dì mọ́ ara fírísà. Ó lè lu páìpù inú rẹ̀, kí ẹ̀rọ náà sì bàjẹ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, kí yìnyín yọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ inú rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tútù dá a padà sára iná.

ỌMỌ KÉKERÉ

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú ìyá nìkan ni oúnjẹ àti omi rẹ̀. Kò nílò omi tútù rárá. Ẹ má sì ṣe fún ọmọ kékeré ní yìnyín lá, nítorí ó lè há a lọ́fun.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, ẹ má ṣe dá ọmú dúró. Ẹ po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún un: omi tí ó mọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì kékeré 6 tí a rẹ́ lórí, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí náà. Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tí kò tọ̀, tí kò lè mu nǹkan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ gbádùn omi tútù yín, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé òtútù kì í ṣe oògùn. Omi tí ó mọ́, ọwọ́ tí ó mọ́ àti abọ́ tí ó mọ́ ni ààbò ilé yín. Ìlera loògùn ọrọ̀.