Ẹyin Tí Kò Fọ́ Tí Ó Sì Bàjẹ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹyin a tún máa bàjẹ́ láìfọ́, ní ibi tí a rọra gbé e sí gan-an. Èyí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi sọ, pàápàá ẹ̀yin tí a ó rán lọ kọ́ni ní ìletò tí kò sí iná mọ̀nàmọ́ná.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé abúlé kan lẹ́bàá Zaria, àwọn òbí ọmọ ilé ìwé mi a máa fi ẹyin adìẹ àti ẹyin awó ta mí lọ́rẹ. Nínú oṣù kẹrin ọdún, nígbà tí ooru mú gan-an, mo kó 30 jọ. Nítorí ìgbẹ́ adìẹ tí ó wà lára wọn, mo rẹ wọ́n sínú omi tútù, mo fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń dán, mo sì dé wọn mọ́ inú bàsíà. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí òórùn wọn fi lé mi jáde nínú yàrá. Ẹ̀bùn àwọn tálákà ni mo fi ọwọ́ ara mi bà jẹ́!

Kí ni ó fà á? Èèpo ẹyin kì í ṣe ògiri tí ó dí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò tín-tìn-tín ni ó wà lára rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí omi inú rẹ̀ sì ń gbà gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bí adìẹ bá ti ń yé ẹyin, ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan a bo èèpo náà, a sì dí ihò wọ̀nyí mọ́ kòkòrò àrùn. Bí a bá fọ ẹyin, ìbora yìí a bọ́. Bí omi bá sì tutù ju ẹyin lọ, ohun inú ẹyin a súnkì, a sì fa omi ìdọ̀tí wọlé. Ọ̀kan nínú irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ni Salmonella, tí í fa inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà, tí ó sì lè pa ọmọ kékeré.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìtẹ́ adìẹ mọ́, kí ẹ sì máa kó ẹyin lójoojúmọ́. Bí àkùkọ bá wà láàárín wọn, ooru lè mú kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí hù nínú ẹyin. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ìdọ̀tí díẹ̀ kúrò. Èyí tí ó bá dọ̀tí jù, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sè é lọ́jọ́ náà. Èyí tí ó bá ti sán, ẹ sọ ọ́ nù.

Ẹ kọ orí ṣóńṣó ẹyin sí ìsàlẹ̀, nítorí pé orí kejì tí ó tóbi ni àyè afẹ́fẹ́ wà. Ẹ má ṣe gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àlùbọ́sà tàbí kẹrosíìnì, nítorí a máa fa òórùn mọ́ra. Ẹni tí ó bá ní fìríìjì, kí ó tọ́jú rẹ̀ sínú rẹ̀, kì í ṣe sí ara ìlẹ̀kùn. Ẹni tí kò ní, kí ó kọ́ ọgbọ́n Mohammed Bah Abba, olùkọ́ ará Jigawa, tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ìlò ìkòkò méjì ní àwọn ọdún 1990: a gbé ìkòkò kékeré sínú ńlá, a fi yanrìn tútù sí àárín wọn, a sì fi aṣọ tútù dé e. Bí omi ti ń gbẹ, inú a máa tutù. Kí omi má sáà kan ẹyin.

Àwọn ìyá wa a máa fi omi dán ẹyin wò: èyí tí ó bá léfòó ti pẹ́, nítorí àyè afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti tóbi. Ó dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ẹyin ni omi ń sọ. Kò lè sọ bóyá àrùn wà nínú rẹ̀. Ẹyin tí ó rì pàápàá lè ní in. Ẹ fọ́ ọ sínú abọ́ ọ̀tọ̀, ẹ sè é títí funfun àti pupa rẹ̀ yóò fi dì, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín.

Ẹyin ni ẹran àwọn tí kò rí ẹran rà. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé yín ní ìtọ́jú rẹ̀, wọn yóò sì kọ́ ilé wọn.